Care study ò kúrò lójú kan, logbook ṣófo, tẹ́ẹ̀sì ti dé ẹnu ọ̀nà

Àbíkẹ́ Ìgèdè
Ọjọ́ Àìkú, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹta ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ 19 ló kù kí n kó care study, ìyẹn ìwé tí à ń kọ lórí ìtọ́jú aláìsàn kan, fún olùkọ́, ojú ìwé kan péré ni mo tíì kọ. Obìnrin ẹni ọdún 24 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdísì (àpò tóóró tó so mọ́ ìfun ńlá) fún ni aláìsàn tí mo mú. Nínú iṣẹ́ 40 tó wà nínú logbook mi, ìwé tí wọ́n ti ń buwọ́ lu iṣẹ́ tí a bá ṣe ní wọ́ọ̀dù, 14 ni wọ́n ti buwọ́ lù. Tẹ́ẹ̀sì ìṣirò oògùn wà ní Ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ti ọ̀la o, èyí tó tẹ̀lé e. Wọ́ọ̀dù òwúrọ̀ ni mo máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ òru ló kàn.

Bí mo bá jókòó ti ìwé báyìí, màá ní kí n kọ́kọ́ fọ aṣọ ná. Bí mo bá fọ aṣọ tán, màá ní kí n yọjú wo WhatsApp kíláàsì. Kí n tó mọ̀, aago méjìlá ti lù. Àyà mi á wá máa já, oorun ò sì ní kun. Fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la yìí ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "tẹra mọ́ ọn" ni mo ń wá. Ibo gan-an ni kí n ti mú un?

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́ Àìkú, 10:58 alẹ́

Àbúrò, òótọ́ ọ̀rọ̀ korò: ọ̀lẹ ni. Pa fóònù, sùn ní aago méjìlá, jí ní aago mẹ́rin, kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe Èkìtì, wọn ò pè é ní ilẹ̀ àwọn tó ń wo WhatsApp.

Ìyá Wọ́ọ̀dù
Ọjọ́ Àìkú, 11:31 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́ o, ṣùgbọ́n mi ò bá yín gbà á. Ọ̀lẹ kì í fọ aṣọ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń bà á lẹ́rù nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Láti 2013 ni Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá, ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó ń sún iṣẹ́ síwájú, ìmọ̀lára burúkú tí iṣẹ́ náà ń gbé wá bá a ló ń sá fún. Aṣọ fífọ̀ tù ú lára lójú ẹsẹ̀, ó wá kó gbèsè rẹ̀ lé ọ̀la lórí.

Àbíkẹ́, "kọ care study" kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó tó iṣẹ́ ọgbọ̀n tí wọ́n dì sínú àpò kan, ìdí nìyẹn tí apá fi ń wó ọ tí o bá wò ó. Tú àpò yẹn. Má kọ "care study" sínú ìwé ètò rẹ mọ́. Ohun tí ọwọ́ lè parí láàárín ìṣẹ́jú 25 ni kí o máa kọ síbẹ̀: "ya tábìlì ìgbóná ara, ìlù ọkàn, mímí àti ìfúnpá ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́", "kọ oògùn mẹ́rin tí wọ́n fún un, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tí wọ́n gbà fún un, ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́", "ya àwòrán ìfun ńlá àti àpẹ́ńdísì, kọ orúkọ sí i lára". Bí ohun tí o kọ bá ju ìṣẹ́jú 25 lọ, ó ṣì tóbi. Gé e sí i.

Ó ku ìbéèrè kan tí o kò dáhùn: ṣé aláìsàn náà ṣì wà ní wọ́ọ̀dù? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ care study ti ń kú. Ẹni tí wọ́n ṣe àpẹ́ńdísì fún tí nǹkan kan ò dojú rú kì í pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní òun á bi í léèrè lọ́la, ọ̀la á dé, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíì, fáìlì ti padà sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀, wọn ò sì ní gbé e fún ọ lásán. Nítorí náà, má fi orí kìíní bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lè sá lọ ni kí o kọ́kọ́ dì mú: ìtàn àìsàn náà láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ (ìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, bóyá ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó wá jókòó sí ìsàlẹ̀ ikùn lọ́wọ́ ọ̀tún), àìsàn àtijọ́, oògùn tàbí oúnjẹ tí ara rẹ̀ ò gbà, àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú iye sẹ́ẹ̀lì funfun, ìwé oògùn, ìwé omi tó wọlé àti omi tó jáde. Ìwé tó sọ nípa àpẹ́ńdísì wà ní láíbìrérì, kò ní dá gbére fún ọ.

Kí o tó kọ ohunkóhun, gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu aláìsàn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni kí o lò, má kọ orúkọ. Má sì ya fáìlì rẹ̀ ní fọ́tò sínú fóònù, ohunkóhun tó wù kí ìkánjú náà jẹ́. Fi báírò kọ ọ́.

Àlàbí Ìfàkì
Ọjọ́ Àìkú, 11:50 alẹ́

Ìyá ti sọ̀rọ̀ tán lórí ìkójọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti care plan, tábìlì ètò ìtọ́jú inú care study, kún un, torí iwájú tábìlì yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ọ̀sẹ̀ méjì láìkọ nǹkan kan. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n máa ń kọ orúkọ gbogbo ìṣòro mẹ́fà tàbí méje láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó wá máa wá ìtọ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mú ìṣòro kan péré, kọ ọ́ láti òsì dé ọ̀tún, kí o tó mú èkejì. Ọ̀kan lálẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó parí. Bí èyí:

Ìṣòro: ìrora gidi tó níí ṣe pẹ̀lú appendicitis (àpẹ́ńdísì tó wú).
Àfojúsùn: ìrora aláìsàn á dínkù.
Ìtọ́jú: fún un ní oògùn ìrora, fi í lọ́kàn balẹ̀, máa wo ìfúnpá rẹ̀.
Ìyẹ̀wò: ìrora ti dínkù.

Ìyá Wọ́ọ̀dù
Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Àlàbí ọkọ mi, ètò rẹ dára, àpẹẹrẹ rẹ ni wọ́n máa fi báírò pupa kùn. Wọ́n ti yọ àpẹ́ńdísì yẹn, ó ti wà nínú ike. Kí ló tún ń dun obìnrin náà lára rẹ̀? Orúkọ àìsàn tí dókítà kọ kò gbọdọ̀ dúró níbi tí ohun tó fa ìṣòro ti yẹ kó wà, torí nọ́ọ̀sì kọ́ ló ń wò ó sàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe nǹkan sí ni kí ẹ fi síbẹ̀. Àfojúsùn rẹ kò sì ní àkókò, kò ní ìwọ̀n. "Dínkù" dé ibo? Nígbà wo?

Ẹ kọ ọ́ báyìí. Ìṣòro: ìrora gidi tó níí ṣe pẹ̀lú ẹran ara tí wọ́n fi abẹ gé, gẹ́gẹ́ bí aláìsàn ṣe sọ pé ó tó 8 nínú 10, tó sì ń di ikùn mú bó bá fẹ́ wúkọ́. Àfojúsùn: láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀, aláìsàn á sọ pé ìrora náà ti wálẹ̀ sí 3 nínú 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú: bi í léèrè bí ìrora ṣe pọ̀ tó, kí o sì kọ ọ́, gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, jẹ́ kí eékún rẹ̀ ká, kí awọ ikùn má baà fà, kọ́ ọ bí á ṣe máa fi ìrọ̀rí ti ojú abẹ kó tó wúkọ́, fún un ní oògùn ìrora tí dókítà kọ, ní àkókò tó kọ. Ìyẹ̀wò: nọ́ńbà tí aláìsàn dá lóhùn, pẹ̀lú aago tí o bi í.

Ẹ wò ó, èyí tó péye yìí gan-an ló yá kọ jù. "Fi í lọ́kàn balẹ̀" ló ń gba àkókò, torí ẹni tó ń kọ ọ́ pàápàá ò mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Apòògùn Àjílọ́sùn
Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ tẹ́ẹ̀sì. Ìṣirò oògùn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà, ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Alẹ́ méje ló wà láti òní títí di Ọjọ́ Àìkú. Ìbéèrè márùn-ún lálẹ́ kan, ìṣẹ́jú 15 sí 20, o ti ṣe 35 kí o tó wọ gbọ̀ngán. Ẹni tó kó gbogbo 35 náà sí alẹ́ Ọjọ́ Àìkú máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, á sì gbàgbé rẹ̀ lórí ìjókòó. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrántí, dán irú èyí wò ní 2006: lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ka ìwé ní àkàtúnkà ló rántí jù, lẹ́yìn ọjọ́ méjì àti ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n dán ara wọn wò ló borí wọn.

Méjì ni ìṣirò tí o máa fi bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́: ìwọ̀n tí dókítà kọ, pín in sí ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú omi tí ìwọ̀n ọwọ́ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí o fún un ní 75 mg. 100 mg nínú 2 ml ló wà lọ́wọ́. 75 ÷ 100 × 2 = 1.5 ml. Èkejì ni ti dírípù: iye omi ní ml, lọ́nà iye ẹ̀kán tó wà nínú 1 ml, pín in sí ìṣẹ́jú. Omi 1000 ml láàárín wákàtí 8 (ìṣẹ́jú 480), pẹ̀lú okùn tó ń kán ẹ̀kán 20 nínú 1 ml: 1000 × 20 ÷ 480 = 41.67, ìyẹn ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú kì í ṣe inú ìṣirò gan-an. Wọ́n máa ń gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú. Wọ́n máa ń fi gíráàmù pín mílígíráàmù (1 g jẹ́ 1000 mg, 1 mg jẹ́ 1000 mcg, ìyẹn máíkírógíráàmù). Wọ́n máa ń kọ .5 dípò 0.5, àmì kékeré yẹn á pòórá, aláìsàn á gba ìlọ́po mẹ́wàá. Bákan náà ni 5.0 ṣe lè di 50, nítorí náà 5 lásán ni kí o kọ. Ní ìwé pélébé kan tí o máa kọ kìkì àṣìṣe rẹ sí. Òun nìkan ni kí o kà láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì.

Nọ́ọ̀sì Òru
Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Apòògùn, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àbúrò wa gbé 20 yẹn sórí bí àdúrà. Ó wà lára ọ̀pọ̀ okùn dírípù tí a ń lò fún omi, ṣùgbọ́n okùn ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 15, èyí tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọdé ní omi díẹ̀díẹ̀ sì jẹ́ 60. Ara ọ̀rá tí okùn náà wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ 450 ml láàárín wákàtí 4 pẹ̀lú okùn 15: 450 × 15 ÷ 240 = 28.1, ẹ̀kán 28. Ẹni tó lo 20 níbẹ̀ á kọ 38, wọ́n á sì gba máàkì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ka ìbéèrè dáadáa, wo irú okùn tí wọ́n ní.

Ní ti Tíṣà tó ní kó sùn ní méjìlá kó jí ní mẹ́rin: wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Àgbàlagbà nílò tó wákàtí méje, ó kéré tán. Oorun ni ọpọlọ fi ń to ohun tí a kà sípò. Ẹni tó gé oorun láti kàwé dà bí ẹni tó ń pọn omi sínú agbè tó jò. Ẹni tí kò sùn ló sì ń fa oògùn sínú síríńjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ òru rẹ ni kí o mójú tó. Bó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ ni tiyín, má ṣètò ìwé kíkà kankan sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Jẹun díẹ̀, wẹ̀, fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, sùn wákàtí mẹ́fà bó bá ṣeé ṣe. Ìwé kíkà tó ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà ò ju ìṣẹ́jú 25 lọ́nà méjì, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Má fi iyán ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi náà ọmọ Èkìtì ni, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kọfí, àwọn ọtí agbára inú agolo, àti obì: káfíìnì ló wà nínú gbogbo wọn, obì àbàtà àti gbànja kò yọ sílẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì káfíìnì tó kúrò lára. Bí o bá máa mu ún, ìbẹ̀rẹ̀ òru ni. Ẹni tó jẹ obì ní aago márùn-ún ìdájí tó wá ń ṣàròyé pé oorun òwúrọ̀ ò kun òun, ara rẹ̀ ló ń tàn. Àyà tó ń já yẹn pàápàá, káfíìnì máa ń dá kún un.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́ Ajé, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́ ti oorun, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ní àkókò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Oorun wákàtí méje lójúmọ́: 49. Wọ́ọ̀dù ọjọ́ márùn-ún, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà: 30. Ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀: ká ní 7 àti ààbọ̀. Kíláàsì: 15. Oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ àti omi pípọn, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́: 21. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí: 5. Ó ku 40 àti ààbọ̀. Ibo ló ń lọ?

Àlàbí Ìfàkì
Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín pé, ìgbésí ayé ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ kíláàsì lọ́tọ̀, ọ̀sẹ̀ wọ́ọ̀dù lọ́tọ̀. Yunifásítì ni wọ́n ti sábà máa ń po méjèèjì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kíláàsì máa ń kún láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ti wọ́ọ̀dù sì máa ń tán ènìyàn lẹ́sẹ̀. Wákàtí 40 tí ẹ rí yẹn kò wà lójú kan: 30 ìṣẹ́jú níhìn-ín, 50 lọ́hùn-ún, nígbà tí mọ́tò ń dúró kó kún kó tó ṣí láti Adó lọ sí Ìdó, nígbà tí iná kò sí ní họ́sítẹ̀lì. Ẹni tó bá ń dúró de wákàtí mẹ́ta tó dán mọ́rán kó tó kàwé, kò ní rí i.

Iṣẹ́ tí ọwọ́ kékeré lè gbé ni kó máa wà lápò fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè oògùn márùn-ún wọ inú ìdúró mọ́tò. Káàdì páálí tí o kọ orúkọ oògùn sí iwájú rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò nílò dátà, kò nílò iná.

Ìyá Wọ́ọ̀dù
Ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́

Mo fara mọ́ Àlàbí. Mo tún fẹ́ sọ ti logbook torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Logbook kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ sínú àpótí ní họ́sítẹ̀lì ti sọ pé kí wọ́n má buwọ́ lù ú. Lálẹ́ òní, ya iṣẹ́ 26 tó kù sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ní wọ́ọ̀dù tí o wà (ọgbẹ́ fífọ̀, oògùn pípín, wíwọn omi tó wọlé àti tó jáde, bẹ́ẹ̀dì àwọn tó ti iṣẹ́ abẹ dé), èyí tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan (rọ́bà ìtọ̀, rọ́bà imú tó lọ sínú ikùn), àti èyí tí kò sí ní wọ́ọ̀dù yẹn rárá. Ti ìkẹta, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú lọ́sẹ̀ yìí, wọ́ọ̀dù mìíràn ló wà fún. Ti kejì, sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń darí láàárọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí rọ́bà ìtọ̀ kankan bá yọjú lónìí, ẹ pè mí." Bí o kò bá sọ, ẹni tó dúró nítòsí ni wọ́n máa pè.

Má gbé logbook kalẹ̀ níwájú mátírọ́ọ̀nù nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń gbé iṣẹ́ fún ara wọn, tàbí nígbà tí àwọn dókítà bá ń yí ká. Wọ́n á lé ọ, ìtìjú á mú ọ, o ò ní padà lọ. Lẹ́yìn oògùn aago mẹ́wàá, nígbà tí wọ́ọ̀dù bá ti rọlẹ̀, ìgbà yẹn ni. Ọjọ́ tí o bá ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹni tó ń wò ọ́ buwọ́ lù ú. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní rántí, òótọ́ rẹ̀ á sì dà bí irọ́.

Àwọn kan á ní kí o bá wọn kọ ọwọ́ ẹlòmíì sí i. Má dán an wò. Ìwé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìwé kíláàsì lásán, wọ́n lè dá ẹni tó bá ṣe é dúró. Olùdánwò tó bá ní kí o wá ṣe ohun tí wọ́n buwọ́ lù níwájú òun, ọwọ́ rẹ ló máa dá a lóhùn.

Ìyá Adé
Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, òbí lèmi. Ọmọ mi náà wà ní irú ilé ẹ̀kọ́ yìí. Bí mo bá pè é, tí mo bi í pé ṣé o ti kàwé, á ní òun ti kà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n máa pè é sí i tàbí kí n fi í sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ̀nyí náà, ẹbí máa ń fẹ́ kó wá síbi ìnáwó.

Ọ̀rẹ́ Ọkàn
Ọjọ́ Ajé, 10:30 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. "Ṣé o ti kàwé?" ìbéèrè tí irọ́ rọrùn láti dáhùn ni, ó sì máa ń fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Ẹ bi í pé, "Èwo lo máa ṣe lálẹ́ òní? Ìgbà wo lo máa sùn?" Bó bá sì ní òun ò tíì ṣe nǹkan kan, ẹ má fi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ti di dókítà wé e. Ní ti ìnáwó, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá a dá àwọn ẹbí lóhùn. Ọmọ ò lè fúnra rẹ̀ sọ fún àgbà pé òun ò ní wá.

Àbíkẹ́, mo fẹ́ fi nǹkan mélòó kan kún ohun tí wọ́n ti sọ. Ìlérí tó ní ibi àti àkókò ló ń dúró: "Bí mo bá ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù tí mo jẹun tán, màá jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá ṣí ìwé oògùn." "Màá kàwé lálẹ́" kò dúró, torí alẹ́ gùn. Má pa fóònù nìkan bí Tíṣà ṣe wí, gbé e lọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá kó bá ọ mú un fún ìṣẹ́jú 25. Ohun tó wà lẹ́bàá ọwọ́, ọwọ́ á lọ síbẹ̀. Aṣọ tó ń pè ọ́ náà, kọ "aṣọ" sórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o fọ̀ ọ́ nígbà tí ìṣẹ́jú náà bá pé.

Ohun tó ti kọjá, dárí rẹ̀ ji ara rẹ. Mi ò sọ èyí láti fi tù ọ́ nínú. Michael Wohl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà kọ ọ́ ní 2010 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dárí ji ara wọn lórí ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi falẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ fi ti èkejì falẹ̀. Èébú tí ènìyàn ń bú ara rẹ̀ ń sọ ìwé náà di ohun ẹ̀rù, a ó sì tún sá fún un.

Bí àyà bá ń já nígbà tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: mí sínú fún ìwọ̀n kíka 4, mí síta fún kíka 6, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ìmísíta tó gùn ni kókó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí wà fún ẹni tó ṣì lè gbádùn nǹkan bí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú rẹ bàjẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ohun tí o fẹ́ràn ò dùn mọ́ ọ mọ́, tí oúnjẹ ò lọ, tí oorun ò wá tàbí tó pọ̀ jù, kúrò lórí ìwé ètò, lọ rí dókítà tàbí olùgbani-nímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba wà ní Adó, ó wà ní Ìdó. Bí ó bá jẹ́ èrò ikú ló ń wá, ọjọ́ yẹn gan-an ni, má dá lọ, jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ lé ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ má dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó oògùn kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Àwa oníṣẹ́ ìlera mọ ìwọ̀n oògùn, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ gbangba.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́ Ajé, 10:41 alẹ́

Mo ti gbọ́. Mo mú "ọ̀lẹ" kúrò. Mi ò mú "pa fóònù" kúrò.

Àbíkẹ́ Ìgèdè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:36 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Kì í ṣe èrò ikú, kì í sì ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé ló ń dẹ́rù bà mí. Mo ṣe ìbéèrè márùn-ún lánàá, mo gba mẹ́ta. Méjèèjì tí mo pàdánù, mi ò sọ wákàtí di ìṣẹ́jú. Wọ́n buwọ́ lu méjì sí i lónìí, lẹ́yìn oògùn aago mẹ́wàá.

Ìyá Wọ́ọ̀dù, ohun tẹ́ ẹ bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀: Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kó máa lọ ilé. Mo ní ìwé oògùn rẹ̀ àti ìfúnpá ọjọ́ méjì. Mi ò ní ìtàn àìsàn láti ẹnu rẹ̀. Ṣé kí n wá ẹlòmíì ni?

Ìyá Wọ́ọ̀dù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Má wá ẹlòmíì. Òwú ojú abẹ ikùn sábà máa ń jẹ́ yíyọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ó gbọ́dọ̀ padà wá. Wo ìwé tí wọ́n fi ní kó máa lọ ilé lọ́dọ̀ mátírọ́ọ̀nù, ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá wà níbẹ̀. Gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́ wọ́ọ̀dù rẹ, kí o sì ti wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ fún àwọn tó ń ti ilé wá kí wọ́n tó pè é, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ òwú tán, ọkọ̀ ló ń wá. Kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀ láti ilé. Bi í nípa ìbẹ̀wò ilé níbẹ̀ náà, kí o gba àdírẹ́sì bó bá gbà.

Àbíkẹ́ Ìgèdè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:47 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí i. Ọ̀la ni, Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án. Olùkọ́ ti gbà fún mi títí di mọ́kànlá. Ìbéèrè 11 ni mo kọ. Ti inú rírun, bóyá ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀, ló wà lókè.